Bí A Ṣe Ń Tú Ilẹ̀kùn Bàálù Kékeré Ká Tó Gbé e Fò Lókè Èkó

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ya Afárá Third Mainland láti inú bàálù kékeré mọ wàhálà fèrèsé. Gíláàsì kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ike ni. Àkísà ìnubàálù á ti họ ọ́ lára, oòrùn á máa kọ mànà lójú rẹ̀, ojú ẹni tó ń yàwòrán gan-an á tún hàn nínú fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù, àwọn oníròyìn àti àwọn sọ̀fíyọ̀ fi máa ń ní ká kúkú tú ilẹ̀kùn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn bàálù kan wà tí ìwé wọn fàyè gbà á, wọ́n sì ń fò dáadáa láìsí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé síkúrù mélòó kan péré ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà, kí ẹ́ńjìnnì tó dún rárá.

Ẹni méjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀: awakọ̀ òfuurufú tó ti ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ihò ilẹ̀kùn pẹ̀lú kámẹ́rà. Awakọ̀ tí kò bá ṣe é rí, kó wá olùkọ́ tó ti ṣe é, kí wọ́n sì lọ fi pápá tó dákẹ́ kọ́ ọ. Ìlọrin dára fún irú ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ òfuurufú wà níbẹ̀. Ìkẹjà kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń kọ́kọ́ dán irú nǹkan báyìí wò, níbi tí bàálù ńláńlá ti tò sẹ́yìn yín tí olùdarí sì ń pè yín lórí rédíò.

1. Ṣé dandan ni kí ilẹ̀kùn kúrò?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè. Cessna 172 tó wọ́pọ̀ jù lọ yìí, òkè orí ni apá rẹ̀ wà, fèrèsé rẹ̀ sì ń ṣí síta. Ìwé ìlò 172S, ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, sọ pé a lè ṣí fèrèsé yẹn títí dé 163 knots (knot ni wọ́n fi ń wọn iyára bàálù), iye kan náà tí bàálù ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ kọjá láéláé. Bí ẹnjiníà bá yọ irin pẹ́ńpẹ́ tó ń dá fèrèsé náà dúró lágbedeméjì, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e sókè tí yóò fi fara ti abẹ́ apá, yóò sì dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi parí iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ fọ́tò, èyí ti tó. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi ń tú odindi ilẹ̀kùn Cessna nítorí àwòrán mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì.

Piper Cub ní tirẹ̀, wọ́n ti ro ó mọ́ ọn látilẹ̀: ọ̀tún ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, ó pín sí méjì, ìdajì òkè á kọ́ sábẹ́ apá, ìdajì ìsàlẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀. Ẹ lè ṣí i lójú òfuurufú láìtú ohunkóhun. Piper Cherokee ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni apá rẹ̀ wà. Ẹ ó tú ilẹ̀kùn tán, apá bàálù ni ẹ ó máa yà.

Bó bá jẹ́ hẹlikópítà Robinson R44 ni, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé tú. Ìwé rẹ̀ kàn ní kí ẹ má ṣe kọjá 100 knots bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí èyí: abẹ̀bẹ̀ ìrù R44 wà lápá òsì, ohun tó bá sì já bọ́ láti òsì lè lọ bá a tààrà. Nítorí náà ni ìwé ọ̀hún fi kìlọ̀ pé kí a yẹra fún títú ilẹ̀kùn òsì. Ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú R44, nítorí náà ẹ fi ayàwòrán sí ọ̀tún lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn nìkan. Àwọn méjèèjì á máa wo ìhà kan náà, iṣẹ́ á sì yá.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo máa ń gbà kí wọ́n tú, ọ̀tún náà ni. Bí ihò bá di méjì, atẹ́gùn á máa gba inú bàálù kọjá bí ẹni ń ṣílé sílé, ohun gbogbo tó wà láàárín á sì máa bá a lọ.

2. Ìwé

Ìwé ìlò bàálù ni aláṣẹ. Bí kò bá dárúkọ fífò láìsí ilẹ̀kùn, tí kò sì sí àfikún ìwé tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí fún irú bàálù yẹn, a jẹ́ pé kò sí àyè nìyẹn. "Mo rí i lórí YouTube" kì í ṣe ìwé. Ẹ wá iyára tó ga jù tí wọ́n gbà yín láàyè, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago iyára pẹ̀lú téèpù tó lágbára.

Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ni kó tú u, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù pé òun tú u. Ẹ tún ìwọ̀n bàálù ṣírò: ilẹ̀kùn ní ìwúwo, bó bá sì ti kúrò, ibi tí ìwúwo bàálù dúró lé á yí díẹ̀. Ìṣírò yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ní Èkó, ẹ tún ní àwọn mìíràn láti bá sọ̀rọ̀. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, ló ń fúnni níwèé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lẹ fẹ́ ṣe tàbí tara yín, nítorí ìwé àṣẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. NAMA, àjọ tó ń darí bàálù lójú sánmà, ló ni ọ̀nà òfuurufú, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó fi ètò ìrìnàjò yín sí. Ti àwọn elétò ààbò tún wà lọ́tọ̀. Kámẹ́rà tó ń wo ìta lókè ìlú yìí gbọ́dọ̀ yẹra fún àwọn ibi kan: Bonny Camp àti ọgbà ọkọ̀ ojú omi ológun ní Victoria Island, ibùdó ọmọ ogun ojú omi NNS Beecroft ní Àpápá, Dodan Barracks ní Ìkòyí. Ẹ ti gbàṣẹ kí ẹ tó gbéra, kí ayàwòrán náà sì mọ ibi tí òun ò gbọ́dọ̀ kọ lẹ́ǹsì sí. Ẹjọ́ ológun kì í tán bọ̀rọ̀.

3. Ohun tó lè fò

Ibí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá kúrò, atẹ́gùn kì í kàn gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó ń yí po nínú bàálù, ó ń fa nǹkan láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ń gbé e láti ilẹ̀ sókè, kó tó wá fà á síta. Bébà tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn lè dédé gba ojú yín kọjá. Ohun tó bá sì jáde, ìrù ló kọjú sí. Nínú bàálù, pátákó ìrù tó ń gbé imú sókè sódò ni yóò gbá. Nínú hẹlikópítà, abẹ̀bẹ̀ ìrù ni. Aṣọ inura lásán tó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìrù ti tó láti já hẹlikópítà lulẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnjiníà bá ń tú ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹ bọ́ sínú bàálù, kí ẹ fi ọwọ́ wá gbogbo ibẹ̀. Mo ní ọwọ́, kì í ṣe ojú. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn àga: ẹ ó bá ìwé, gọ́ọ̀mù, páálí bísíkíìtì. Ẹ wo abẹ́ àga. Ẹ yọ tìmùtìmù tí kò bá so mọ́ nǹkan, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn tẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ìbòjú oòrùn tó ti ń mì. Agolo pana-pana ńkọ́, ṣé ó so dáadáa? Aṣọ òrùlé inú bàálù tó ti ń rọ̀, ẹ fà á wò. Bó bá ti ṣí létí ibì kan, atẹ́gùn á bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Rọ́bà tó yí férémù ilẹ̀kùn ká náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò yíká, kí ẹ sì fi téèpù lẹ ibi tó bá ti ń ṣí. Bẹ́líìtì àga tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sí, ẹ dè é, kí ẹ fún un. Tó bá jáde síta, irin orí rẹ̀ á máa lu ara bàálù gbà-gbà-gbà, ẹ ó sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló ti bàjẹ́.

Irin tó gba àárín ínjísì kọjá, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ kọ nọ́ńbà bàálù sí i lára, ẹ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú hangar, ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí. Ẹ má fi í ti ògiri.

Ìgbà náà ló wá kan ara èèyàn. Kò sí fìlà, kò sí gèlè, kò sí ìborùn, kò sí sálúbàtà. Ẹni tó dirun gígùn, kó kó o jọ sábẹ́ aṣọ. Gíláàsì ojú gbọ́dọ̀ ní okùn lẹ́yìn orí. Ẹ̀gbà ọrùn tí okùn rẹ̀ gùn, ẹ bọ́ ọ. Fóònù, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, owó, káàdì: ẹ kó wọn fún ẹni tó dúró nílẹ̀. Àwọn àgbà ló máa ń le jù lórí èyí. Ọ̀gá ayàwòrán kan wà tí a jọ fẹ́ gbéra láti Ìkẹjà, ó dé pẹ̀lú fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fìlà yẹn ò ní bá wa lọ o."

"Fìlà lásán-làsàn?"

"Ìrù bàálù ló máa gbà á, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, mo ti ki í bọ àpò."

"Ṣé àpò yẹn ní síìpù?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ máa bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí àpò á fi ṣófo. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, ẹ jẹ́ kó dúró sílẹ̀.

Aṣọ tó bo apá ló dára, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ooru Èkó lẹ wà. Bí ẹ bá gun òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 1,000, òtútù á fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 sẹ́ńtígírédì lé sí i, èyí kò tó nǹkan. Atẹ́gùn 80 knots tó ń fẹ́ lu ara yín ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ ayàwòrán á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri.

4. Kámẹ́rà

Gbogbo ohun tó ṣeé yọ lára kámẹ́rà, ẹ yọ ọ́ kó tó yọ ara rẹ̀. Ìdérí lẹ́ǹsì, fílítà tí kò lò, ìbòjú lẹ́ǹsì: ẹ fi wọ́n sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi téèpù wé e yíká. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì lókè rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́ǹsì méjì, kó gbé kámẹ́rà méjì. Káàdì àti bátìrì tuntun ló yẹ kó wà nínú wọn kí ẹ tó gbéra.

Okùn kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn nìkan. Ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì tàbí mọ́ ara, kí ó kúrú débi tí kámẹ́rà kò fi ní lè kọjá férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ yọrí síta, nítorí atẹ́gùn tó ń kọjá lára bàálù á gbá a dànù lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ tàbí kámẹ́rà ti ara bàálù, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á wọnú àwòrán. Ẹ gbé e lé ara yín, kí ẹ sì fi 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ yà á.

5. Bẹ́líìtì: kó dì, kó sì tú

Ilẹ̀kùn kọ́ ló ń mú yín dúró nínú bàálù kódà nígbà tó wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì ni. Ìbéèrè méjì ló wà fún okùn kọ̀ọ̀kan tó bá kan ara yín: ṣé yóò dì mí mú? Ṣé mo lè fi ọwọ́ kan tú u nínú omi, nínú òkùnkùn, ní ìdoríkodò? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé èkejì.

Ní 11 March 2018, hẹlikópítà AS350 kan gbé àwọn arìnrìn-àjò márùn-ún láti ya fọ́tò New York, ilẹ̀kùn ti kúrò. Wọ́n fi bẹ́líìtì bàálù dè wọ́n, wọ́n tún fi àmúra mìíràn wọ̀ wọ́n tí okùn rẹ̀ so mọ́ bàálù láti ẹ̀yìn. Ìyókù okùn ẹni tó jókòó níwájú lọ kọ́ ọ̀pá tó ń ti epo nílẹ̀, epo dá, ẹ́ńjìnnì kú. Awakọ̀ gbé e sórí omi East River. Bàlúùnù tó yẹ kó gbé e léfòó kò kún dáadáa, hẹlikópítà dorí kodò. Awakọ̀ tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó jáde. Àwọn márààrún yòókù kò lè tú okùn ẹ̀yìn wọn, omi gbé wọn lọ. Wọ́n ti fún wọn ní ọ̀bẹ tí wọ́n lè fi gé okùn náà o. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà fòfin de gbígbé èèyàn fò láìsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú àmúra tí kò bá ṣeé tú kíákíá.

Ẹ̀kọ́ tí mo mú nínú rẹ̀ rèé, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe. Bẹ́líìtì tó wá pẹ̀lú àga ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, pẹ̀lú ti èjìká. Bí iṣẹ́ bá béèrè àmúra mìíràn, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà níwájú, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè tú fúnra rẹ̀. Kókó okùn lẹ́yìn ẹ̀yìn, rárá. Ìyókù okùn, ẹ ká a, ẹ fi téèpù dè é, kó má rọ̀ sórí ilẹ̀ níbi tí ọ̀pá epo, ọ̀pá ìdarí àti ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Ẹ bo bọ́tìnnì bẹ́líìtì àga pẹ̀lú téèpù ẹyọ kan tó ṣeé ya, nítorí ìgbọ̀nwọ́ ayàwòrán tó ń yíra lè tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ dán an wò. Ẹ jókòó sínú bàálù lórí ilẹ̀, ẹ dè é, ẹ di ojú. Ẹ ní kí ẹni náà fi ọwọ́ ọ̀tún di férémù ilẹ̀kùn mú, kó fi òsì tú ara rẹ̀, kó jáde. Ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní máa fọwọ́ wá bọ́tìnnì kiri mọ́.

6. Omi

Lókè Èkó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀sà ni pápá ìbalẹ̀ tó ṣófo jù lọ. Ní 12 August 2015, hẹlikópítà kan já sínú ọ̀sà ní Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí. Nínú àwọn 12 tó wà nínú rẹ̀, 6 kú. Nítorí náà, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ṣe dandan fún gbogbo yín, irú èyí tó ká sí ìbàdí tàbí àyà tí ẹ ó fẹ́ nígbà tí ẹ bá ti jáde síta. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Márínà yẹn kò dára fún èyí. Ó ti léfòó tẹ́lẹ̀, bí bàálù bá sì dorí kodò, ó lè gbé yín mọ́ òrùlé inú rẹ̀ tí ẹ kò fi ní ráyè jáde. Ẹ má fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì nínú bàálù láéláé. Ẹ má sì tú bẹ́líìtì kí gbogbo nǹkan tó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan di férémù mú kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀nà wà.

Ọ̀sà náà kò ṣófo tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá sún mọ́ ọn. Igi àwọn apẹja wà níbẹ̀, ọkọ̀ oníyanrìn wà níbẹ̀, ewéko orí omi náà wà níbẹ̀ lásìkò rẹ̀. Ẹ ti máa fojú yan ibi tí ẹ ó lọ.

7. Ọ̀rọ̀ sísọ

Ariwo ihò ilẹ̀kùn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ irú èyí tí ohùn fúnra rẹ̀ ń ṣí máìkì, atẹ́gùn á máa ṣí i láìdáwọ́ dúró, ẹ kò sì ní gbọ́ olùdarí. Ẹ fi fóòmù sórí máìkì, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ètè, ẹ yí i sí ti bọ́tìnnì bí ó bá ní in. Kí ayàwòrán yí orí sínú kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ há wáyà hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mọ́ aṣọ.

Ẹ tún ṣe àdéhùn àmì ọwọ́, torí wáyà lè já: ọwọ́ lílù léjìká lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ síwájú, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí, ìkúùkù níwájú ojú awakọ̀, ó parí, ká lọ ilé. Kí ẹ sì sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra pé bí awakọ̀ bá sọ "Rárá," ìjíròrò ti parí.

8. Ìgbà àti ojú ọjọ́

Àárọ̀ ni. Kí atẹ́gùn òkun tó jí, kí ooru tó máa gbé bàálù sókè sódò lórí páànù Mushin àti Agége. Láti bíi April dé July, àti September dé October, òjò lè ti ìlà oòrùn já dé pẹ̀lú ìjì lójijì, ilẹ̀kùn tó ṣí kò sì ní dáàbò bò yín lọ́wọ́ ẹ̀kán òjò kan. Ẹ gba ìsọfúnni NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, kí ẹ tún wo sánmà fúnra yín. Lásìkò ọ̀yẹ́, atẹ́gùn lè dákẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku á bo gbogbo rẹ̀, ẹ ó kàn ná owó epo dànù ni.

Àárọ̀ tún dára fún ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fò láti ìhà Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí lọ sí gúúsù lórí ọ̀sà, tí ẹ fi Third Mainland sí ọ̀tún yín, oòrùn á wà lẹ́yìn ayàwòrán. Afárá yẹn, Yunifásítì Èkó, Makoko, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, gbogbo wọn á mọ́lẹ̀ kedere láti ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀tún. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, oòrùn lẹ ó kọjú sí, ẹ lè kó kámẹ́rà sílẹ̀.

9. Ó di òkè

Ìkẹjà kún fún bàálù ńlá. Bí ọ̀kan bá gbéra níwájú yín, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán, ìjì tí apá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò fẹ́ràn bàálù kékeré. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń sáré lórí ilẹ̀ ni ariwo á ti yí padà, ẹ̀rù á sì ba ayàwòrán. Ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Bàálù kò ní gun òkè bí ó ṣe máa ń gùn, epo náà á jó sí i díẹ̀, nítorí ihò ilẹ̀kùn ń fà á sẹ́yìn. Ẹ gbé epo tó jù bí ẹ ṣe ṣírò lọ.

Òfin àgbáyé ní kí ẹ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sókè ohun tó ga jù láàárín mítà 600 yíká yín bí ẹ bá wà lókè ìlú. Ní Erékùṣù Èkó àti Eko Atlantic, ilé gíga ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ilẹ̀. Ní 1 August 2023, bàálù kékeré Jabiru kan já sí Ọba Akran ní Ìkẹjà. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ yè é. Ẹ máa fi ibẹ̀ sọ́kàn nígbà tí ayàwòrán bá ń bẹ̀ yín pé ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹyẹ náà wà. Lókè àkìtàn Olúsosùn ní Òjòtá, àwòdì máa ń yí po lọ́pọ̀, lékeléke sì máa ń tò kọjá ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò sí ilẹ̀kùn tí yóò gbà á fún yín. Ẹ gba ibòmíràn.

Ibi tó ti máa ń ṣòro jù ni yíyí po lókè ohun kan tí wọ́n ń yà. Ẹ jẹ́ ká ní bàálù yín ń fò gbọọrọ tí apá rẹ̀ kò lè gbé e mọ́ bí iyára bá ti wá sí 50 knots. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ dà á ní ìwọ̀n dígírì 45, iye yẹn á di nǹkan bí 60 knots. Ní ìwọ̀n dígírì 60, á lé ní 70 knots. Ẹ wá fi atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀ oòrùn Èkó kún un. Ní ibi tí ó bá ti fẹ́ yín lẹ́yìn, ilẹ̀ á máa sáré kọjá lábẹ́ yín, ẹ ó rò pé ẹ ti yára jù, ẹ ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Àwòdì tó ń re Ìbarà, èfúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwa kì í ṣe àwòdì. Aago iyára ni kí ẹ wò, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ dà á ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ, ẹ jẹ́ kí ìyípo náà fẹ̀. Nínú Cessna, òsì ni awakọ̀ wà, ọ̀tún ni ilẹ̀kùn tó ṣí, nítorí náà kò ní rí ohun tí wọ́n ń yà dáadáa. Ojú rẹ̀ á máa fà lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà á máa tẹ rọ́dà ọ̀tún láti ti imú bàálù débẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán máa fi nọ́ńbà ojú aago (bíi "aago mẹ́ta" fún ọ̀tún gan-an) darí yín, ẹ̀yin ẹ gbájú mọ́ bàálù.

10. Bí nǹkan bá yí padà

Bí nǹkan bá já bọ́, ẹ má dẹ́rù ba ara yín. Ẹ rọra dín iyára kù, ẹ gbé ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ìrù ń dáhùn, ẹ sọ fún olùdarí, kí ẹ padà wálé. Nínú hẹlikópítà, bí ẹ bá gbọ́ tàbí mọ gbígbọ̀n tuntun nínú ẹsẹ̀, ẹ balẹ̀ sí ibi tó bá ṣeé balẹ̀ sí, kì í ṣe Ìkẹjà dandan.

Bí bẹ́líìtì ayàwòrán bá tú, ẹ yí bàálù sí òsì pẹ̀lẹ́, kí ìjókòó rẹ̀ lè dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ wọlé, kó tó dè é padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, Cessna 172 tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lára rẹ̀ ń fò síwájú ní nǹkan bí ìlọ́po 9 gíga rẹ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà 1,000, bíi kìlómítà 2.7 ni. Tí ilẹ̀kùn bá ti kúrò, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kí ayàwòrán fa kámẹ́rà wọlé, kó fi í sáàárín ẹsẹ̀, kó sì di bẹ́líìtì kó fún pinpin.

11. Lẹ́yìn ìbalẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ títí abẹ̀bẹ̀ á fi dúró pátápátá. Ayọ̀ fọ́tò máa ń mú kí èèyàn fò jáde láti ihò tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ yí ìrù bàálù ká, ẹ fi ọwọ́ pa iwájú rẹ̀ bóyá nǹkan ti gbá a. Ẹ ka ohun gbogbo tí ẹ kó wọlé. Èyí tó bá dín, ẹ sọ fún ẹnjiníà kó wá a lára bàálù.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n dá ilẹ̀kùn padà, torí òjò Èkó kì í fúnni ní àkókò. Irin ínjísì jáde nínú ọ̀rá, ẹnjiníà fi wọ́n padà, ó ṣí i, ó tì í, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ bàálù pé ilẹ̀kùn ti padà sípò.